Ẹrù Tí Mo Bá Obìnrin Náà Sọ̀

Èmi kì í ta ọjà tí mi ò fọwọ́ kàn. Ohun tí mo fọwọ́ kàn ni mo fẹ́ sọ yìí. Bí o bá fẹ́, gbà á. Bí o ò bá fẹ́, tìẹ nìyẹn.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń tà ní àdúgbò Fájuyì. Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn èèyàn rẹ̀ lé mi kúrò ní Ìjan, ìlú wọn. Yàrá kan péré ni mo rí gbà ní Òkè-Ìlá. Mo búra pé kò sẹ́ni tí yóò tún lé mi kúrò níbẹ̀.

Moyinolúwa ọmọ mi ló fà mí lọ wo eré, ọ̀sán Sátidé. Gbọ̀ngàn náà kéré. Ẹsẹ̀ àwọn òṣèré fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tiwa. Eré àwọn ará oko tí àwọn kan dáná sun abúlé wọn ni, tí wọn ò ríbi lọ. Àwọn èèyàn ń sunkún. Èmi ń ṣọ́ báàgì mi. Ta ló mọ inú èèyàn?

Jẹnẹrétọ̀ kú. Ilẹ̀ ṣú nínú ilé.

Obìnrin kan dúró níwájú mi, ẹrù lórí, ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ìyá Moyin, sọ̀ mí."

Bí ará Ìjan ló ṣe sọ ọ́. Kò sí alájàpá tí yóò gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí yóò jókòó. Mo dìde, mo bá a sọ ẹrù náà kalẹ̀. Ó wúwo. Abẹ́ rẹ̀ gbóná. Ó ń rùn bí ilé tó jó.

"O ṣeun," ló wí. "Mo ti délé."

Iná dé. Kò sí obìnrin. Kò sí ẹrù.

Jìbìtì ni mo pè é. Mo tú báàgì mi wò, kò sóhun tó dín. Mo bá lọ bá Ọláoyè, ọ̀gá àwọn òṣèré.

"Obìnrin tí mo bá sọ ẹrù dà?"

"Màmá, fóòmù ló wà nínú ẹrù wa o. Obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wa, òun nìyẹn."

Ọmọdébìnrin kan ló ń jẹ búrẹ́dì. Kì í ṣe òun.

Lójú ọ̀nà, Moyin ń rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ kàn dìde, ẹ nawọ́ sókè ni. Mo ní Ẹ̀mí ti gbé yín."

Mo na ọwọ́ mi sí i nímú, òórùn ilé tó jó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀rín tán.

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá sọ ẹrù kalẹ̀ lórí àlejò, ilé rẹ̀ ni àlejò ń wọ̀ sí.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí a délé. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn bí mo ṣe tì í. Ẹnìkan ń gbálẹ̀ nínú. Ìgbálẹ̀ mi ni. Mo mọ ìró rẹ̀.

Mo kan ilẹ̀kùn. Èmi. Ilẹ̀kùn mi.

Ìgbálẹ̀ dákẹ́.

"Ta lẹ ń wá?" Ohùn obìnrin ẹlẹ́rù yẹn ni.

Ọ̀dọ̀ Yétúndé àbúrò mi la ń sùn báyìí. Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.