Ta Ló Ṣí Pèrègún Nípò?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí omi Odò Ògùn fà, lóṣù kẹwàá ọdún 1983, wọ́n gbé òkú Bùsírátù jáde lábẹ́ ògiri ilé tuntun kan létí odò l'Abẹ́òkúta. Ẹ ò rí ayé! Mọ́nsúrù ọkọ rẹ̀, oníṣòwò àdìrẹ, ni àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́. Wọ́n ní ó kọ́lé sójú ọ̀nà omi, òun ló pa ìyàwó rẹ̀.

Inú bí Ìnsípẹ́kítọ̀ Fájẹ́misìn. Ọmọ oko ni, kì í fẹ́ kí wọ́n máa yára de ẹni tó ń sunkún.

"Ọ̀gá, mo gbàwé àṣẹ o!" Mọ́nsúrù ké. "Wọ́n ní òkè pèrègún ni mo wà!"

Fájẹ́misìn kọrí sí ọ́fíìsì ètò ìlú. Yéwándé, tó ń buwọ́ lu pláànù ilé, tú máàpù sílẹ̀. Òfin ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé sísàlẹ̀ pèrègún tí àwọn àgbà fi sàmì ibi tí omi ń kún dé.

"Ṣé láti etí odò lẹ ti wọ̀n ọ́n?"

"Rárá, sà. Láti ìdí pèrègún ni. Ta ní í ṣiyèméjì sí pèrègún ààlà?"

"Háà! Ẹ jókòó sábẹ́ fáànù, omi ń pa èèyàn!"

Ó bá Ọlálẹ́yẹ, bàbá tó ta ilẹ̀ náà, níwájú ilé, tó ń rin pákò.

"Ta ló gbin pèrègún etí odò, bàbá?"

"Bàbá bàbá mi ni. Ẹ fara balẹ̀, Ìnsípẹ́kítọ̀. Odò kì í kún bo ẹja lójú."

"Bùsírátù kì í ṣe ẹja. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

Létí odò, lójú Mọ́nsúrù àti àwọn aládùúgbò, Fájẹ́misìn fi ọwọ́ kan fa pèrègún kan tu. Gbòǹgbò rẹ̀ tín-ín-rín bí irun.

"Èyí ò tíì lo ọdún méjì nílẹ̀." Ó gòkè kọjá ẹ̀yìn ilé tó wó, ó fẹsẹ̀ ya koríko. Kùkùté pèrègún tó ki bí itan èèyàn tò lọ síbẹ̀, ojú àdá lára gbogbo wọn, ewé tuntun sì ti ń yọ. "Ẹni tó gé wọn rò pé wọ́n ti kú. Ṣùgbọ́n pèrègún tí a gé a máa hù padà. Ìwọ Ọlálẹ́yẹ lo gé wọn, o lọ gbin ẹ̀ka wọn sétí omi, kí ilẹ̀ tí o máa tà lè pọ̀ sí i. Ọ́fíìsì débẹ̀, wọ́n wọnlẹ̀ láti ìdí irọ́. Tí kì í bá ṣe ìwọ, kí lo ṣe ń parọ́ mọ́ bàbá bàbá rẹ?"

"Ilẹ̀ bàbá mi ni! Ibi tó wù mí ni mo lè gbìn ín sí!"

"Pa ẹnu dé, apààyàn!" Ó tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Mọ́nsúrù, ó kó o sí ti Ọlálẹ́yẹ.

Mọ́nsúrù ò dúpẹ́. Ó nawọ́ sí ilé mẹ́sàn-án mìíràn nísàlẹ̀ àwọn kùkùté náà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń sá ẹní tútù.

"Ọ̀gá, àwọn yẹn ńkọ́? Ọwọ́ rẹ̀ náà ni wọ́n ti ralẹ̀."

Fájẹ́misìn figbe ta: "Ẹ kó àwọn ọmọ yín jáde níbẹ̀!"

Obìnrin kan gbójú sókè.

"Ká kó wọn lọ síbo, sà?"