Ẹlẹ́mìí-Méjì àti Àwọn Ará Ẹ̀yìn Òṣùpá

Láàárọ̀ ọjọ́ tí alùpùpù kú sórí òkè Ìdóṣùn, kò sí ìjì, kò sí òjò. Àwọn olùkọ́ ń gun òkè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti ọsibítù, àwọn oníbúrẹ́dì di ẹrù wọn sẹ́yìn ìjókòó. Lójijì ni iná ojú àwọn alùpùpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ọ̀kan mí kanlẹ̀, ó dúró. Èkejì dúró. Kò pẹ́ tí gbogbo òkè fi kún fún àwọn tó ń fi ẹ̀yìn yọ̀ wálẹ̀, tí wọ́n ń pariwo, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà rọ́ lu ara wọn. Búrẹ́dì fọ́n ká ojú títì.

Ìbíyẹmí wà láàárín wọn. Òun ni ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń to alùpùpù fún gbogbo ìlú, nítorí náà kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún òun. Ó gbé ọwọ́ lé ibi tí bátìrì wà lábẹ́ ìjókòó. Ó tutù bí omi àmù.

"Òkúta ti rẹ̀ nínú wọn," ó wí fún obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ọjọ́ kan náà la fi sínú gbogbo wọn. Ọjọ́ kan náà náà ló rẹ̀."

Láyé ìgbà tí à ń sọ yìí, epo rọ̀bì ti gbẹ lábẹ́ ilẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Alùpùpù oníná ni gbogbo ènìyàn ń gùn lọ síbi iṣẹ́: ẹ̀rọ kúkurú, onítáyà kékeré, tí ìyá tó ró ìró lè kó ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ sí iwájú ìjókòó rẹ̀ láìya ẹsẹ̀. Kì í pariwo, kì í rú èéfín. Ohun tó sì ń mú bátìrì rẹ̀ lágbára ni òkúta kan tí wọ́n ń pè ní adáná, èyí tí kò sí lórí ilẹ̀ ayé níbì kankan. Ẹ̀yìn òṣùpá ni wọ́n ti ń wà á, ní apá tí kì í kọjú sí wa láéláé. Àwọn ọmọ Ìdóṣùn ló lọ ń wà á níbẹ̀.

Akínkúnmi, ọkọ Ìbíyẹmí, wà lára wọn. Wọ́n ní kò ní pẹ́ tí yóò fi dé. Ìgbà tí ọkọ̀ òfuurufú kọ́kọ́ padà láìgbé e, wọ́n ní ó di ìgbà mìíràn. Ìgbà mìíràn dé, wọ́n tún sọ bẹ́ẹ̀. Títí di òní, tí Ìbíyẹmí bá gun alùpùpù, iwájú pátápátá ló máa ń jókòó sí, bí ẹni tí ẹnìkan ṣì fẹ́ jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

Ohùn rẹ̀ nìkan ló máa ń rí gbà. Ohùn kò lè gba inú òṣùpá kọjá dé ilẹ̀. Àfi ìgbà tí ọkọ̀ bá lọ, tó bá rọ̀ dirodiro sí ẹ̀gbẹ́ òṣùpá, tó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ará ibí tó ń fún ará ọ̀hún. Nígbà náà ni àwọn ẹbí máa ń rọ́ lọ sí Gbọ̀ngàn Ohùn. Tí ọkọ̀ bá ti yí padà, ó tán nìyẹn, ó di ìgbà tó bá tún lọ.

Nígbà tí alùpùpù kú, Kábíyèsí pe ìlú jọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Láṣebìkan, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣùpá, dìde, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọkọ̀ máa gbéra láìpẹ́. Ohun tá a nílò ni àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le, tí wọ́n máa lọ ran àwọn tó wà lókè lọ́wọ́."

Ìyá Akin, ìyá ọkọ Ìbíyẹmí, fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde. Orúnkún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tún fẹ́ kó ọmọ lọ. Àwọn tí ẹ kó lọ níjọ́sí ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà, Màmá. Wọ́n ń dáko nínú ilé onígíláàsì, wọ́n ń rí omi mu."

"Mi ò bi yín bóyá wọ́n ń rí omi mu. Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

"Iṣẹ́ ṣì pọ̀ lọ́wọ́ wọn ni, Màmá."

"Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ tiwa náà. Síbẹ̀ à ń wálé wá sùn."

Kábíyèsí wo Ọ̀jọ̀gbọ́n títí. "Ẹ dá ìyá lóhùn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ gíláàsì rẹ̀, kò sì rí ibi tí yóò gbé e sí. "Kábíyèsí, ara kì í wúwo lẹ́yìn òṣùpá. Ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀, egungun rẹ̀ á fúyẹ́, ọkàn rẹ̀ á gbàgbé bó ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ gòkè. Tá a bá gbé e sọ̀ kalẹ̀ síbí, ìwúwo ara rẹ̀ nìkan á fọ́ ọ."

"Wọn ò lè wálé mọ́?" Ìbíyẹmí ló béèrè. Kò mọ̀ pé òun ti dìde.

"Wọn ò lè wálé mọ́."

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

Àwọn ìyá bú sẹ́kún. Ìbíyẹmí kò sunkún. Gbogbo bó ṣe ti ń sá aṣọ Akínkúnmi sóòrùn kí ó má baà hu olú, tó ń ká a padà, ló ń rò. Ó rìn síwájú Kábíyèsí.

"Kábíyèsí, kí ẹnikẹ́ni má lọ mọ́. Ẹ fún mi láyè. Màá ṣe alùpùpù tí òkúta ìwọ̀nba tó kù nílẹ̀ á tó fún."

Ó ṣàlàyé fún wọn. Alùpùpù náà yóò ní ẹ̀mí méjì. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, bátìrì kékeré ni yóò máa gbé e. Tó bá fẹ́ gun òkè, ẹ́ńjìnnì kékeré kan yóò jí, yóò sì máa jó epo tí wọ́n fún lára èèpo ẹ̀gẹ́. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, táyà rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò máa dá agbára padà sínú bátìrì.

"Èéfín?" Olóyè Ọ̀tún ló gbójú sókè. "Èyí tó pa odò wa láyé àwọn baba wa ni ẹ tún fẹ́ gbé dé?"

"Bàbá, epo rọ̀bì kọ́. Èéfín rẹ̀ ò tó ti ìkòkò ẹ̀wà kan."

"Ọ̀pọ̀ ọdún la fi kọ́ àwọn èèyàn pé iná nìkan ló mọ́," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ìgbà àtijọ́ lo fẹ́ dá wa padà sí."

"Ẹ̀jẹ̀ wa ló wà nínú iná yẹn, sà."

Kábíyèsí gbà fún un.

Ìbíyẹmí fi gbogbo òjò ọdún náà ṣiṣẹ́. Ìyá Akin ń wá bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, á máa bẹ ẹ̀gẹ́, á máa sọ ìtàn Akínkúnmi: bó ṣe máa ń dì mọ́ òun lẹ́sẹ̀ tí òun bá ń lọ sódò, bó ṣe ń fi ẹnu dún bí ẹ̀rọ káàkiri ilé. Ìbíyẹmí á dá iṣẹ́ dúró. Á ní, "Ẹ tún un sọ, Ìyá." Ìyá á tún un sọ.

Nígbà tí ẹlẹ́mìí-méjì àkọ́kọ́ gun òkè Ìdóṣùn, gbogbo ìlú ló jáde. Níbi tí gígun òkè ti le jù, ẹ́ńjìnnì náà jí, ó kùn bí oyin, ó sì gbé Ìbíyẹmí dé òkè téńté. Wọ́n hó. Wọ́n gbé e sókè. Kò pẹ́ tí àwọn ìlú mìíràn fi ń ránṣẹ́ pé kí ó wá kọ́ àwọn náà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Láṣebìkan dúró títí èrò fi tú ká.

"O ṣe é, Ìbíyẹmí. Kò sẹ́ni tó máa lọ wa òkúta mọ́. Àmọ́ torí òkúta ni gbogbo ìlú ṣe ń para pọ̀ gbé ọkọ̀ yẹn lọ. Wọ́n ní ó máa lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó gbé oògùn àti irúgbìn fún wọn. Kò tún ní lọ mọ́."

"Ohùn wọn ńkọ́?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n mi orí. "Ìjókòó kan ṣófo nínú ọkọ̀ náà. Mo ti ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ẹni tó bá lọ ti lọ nìyẹn."

Ìbíyẹmí rìn dé ilé Ìyá Akin, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá gbọ́ ọ tán.

"Wàá lọ?"

"Tí mo bá lọ, Ìyá, ta ló máa kọ́ àwọn ìlú yòókù? Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ ọlọ́mọ lọ." Bó ti ń sọ ọ́ ni ojú ọkọ rẹ̀ ń wù ú rí.

Ìyá fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Ṣé òótọ́ ni pé ara kì í wúwo níbẹ̀?"

"Òótọ́ ni."

"Orúnkún yìí ńkọ́?"

"Kò ní dùn yín mọ́."

"Èmi ò sì ní nǹkan tí mo fẹ́ padà wá ṣe níbí." Ìyá kò wo ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìwọ ni wọ́n fún. Tó o bá ní ò ń lọ, màá bá ọ palẹ̀ ẹrù mọ́."

Ìbíyẹmí gbá ọwọ́ Ìyá mú. "Ẹ lọ, Ìyá," ó wí. "Ẹ bá mi lọ wò ó."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọkọ̀ tó gbé Ìyá lọ fẹ́ yí padà, Gbọ̀ngàn Ohùn kún fọ́fọ́. Nígbà tó kan Ìbíyẹmí, ẹ̀rín Ìyá Akin ló kọ́kọ́ gbọ́, ẹ̀rín ńlá bíi ti ọmọdébìnrin.

"Gbé mi sílẹ̀! Ìbí, ó gbé mi sí èjìká bí ọmọ ọwọ́! Mo ń fò, Ìbí. Èmi yìí!"

Lẹ́yìn náà ni ohùn Akínkúnmi dé, ó rọlẹ̀, ó jìnnà.

"Ìbí."

"Mo wà ńbí."

"Wọ́n ti sọ ohun tó o ṣe fún wa. Gbogbo wa níbí ló ń kí ọ. Ìbí, ṣé o…"

Ohùn náà já. Ìbíyẹmí dúró, ó tẹ etí mọ́ ẹ̀rọ náà títí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ọkọ̀ ti yí," ó wí.

Ìbíyẹmí jáde, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó forí lé ilé. Lójú ọ̀nà ló ń wá ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Ṣé o ti jẹun? Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ti dárí jì mí? Ṣé o ṣì máa ń rántí mi? Gbogbo èyí tó bá rí ló dà bíi pé ó lè jẹ́ òun.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí síta nígbà tó dé ìsàlẹ̀ òkè. "Bẹ́ẹ̀ ni."

Obìnrin kan tó ń gun ẹlẹ́mìí-méjì kọjá rò pé òun ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí i, ó sì gun òkè lọ.