Ta Ló Ń Mú Nínú Oògùn Tòún?

"Níyì, kó oògùn mi jáde."

Tòún, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, káàdì oògùn wà lórí itan ẹ̀. Àyà ló ń dùn ún, ikọ́ ò sì jẹ́ kó mí dáadáa, ni dókítà kan n'Ígàndó bá kọ erythromycin fún un, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, fún ọjọ́ méje. Dókítà ní, "Tára ẹ bá yá lọ́jọ́ kẹta, má ṣíwọ́ o. Lò ó tán." Alẹ́ ọjọ́ kẹta ọ̀hún la wà yìí. Wáẹ̀kì ẹ̀ sì ku ọ̀sẹ̀ kan.

"Mẹ́rìndínlógún ló yẹ kó kù," ó ní. "Méjìlá ni mò ń rí."

"Bóyá o ò mọ ìṣirò."

"Ìwọ tó gbẹ́ ṣọ́ọ̀kì bíi parasitamọ́ fún mi lọ́jọ́sí."

Òótọ́ ni. Àmọ́ ti èyí kì í ṣe èmi. Màámi ò tiẹ̀ bèèrè, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbọ́wọ́ sókè.

Bí mo ṣe kúnlẹ̀, mo ń fura. Charles, ará yàrá kejì, ń húkọ́ láràárọ̀ bíi jẹnẹrétọ̀. Ìyá àgbà nìkan ni mi ò fura sí. Aládùúrà ni wọ́n, sùtánà wọn funfun ju ọkàn mi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, bí Tòún ṣe lo ti àárọ̀ tó lọ kàwé lọ́dọ̀ Àmínát, ọ̀rẹ́ ẹ̀, mo bu búlúù tí Ìyá àgbà fi ń ṣan sùtánà, mo fi pa ẹ̀yìn káàdì oògùn. Ẹni bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ ẹ̀ á jẹ́wọ́.

Lọ́sàn-án, mo nawọ́ sí Charles. "Ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́, brọ̀dá."

Ó wò mí títí. "Kí lo ń wá lọ́wọ́ mi?" Ọwọ́ ẹ̀ mọ́.

Ti Ìyá àgbà ló búlúù. "Sùtánà ni mo fọ̀," wọ́n ní. Kò sí sùtánà kankan lórí okùn. Mo bá dé ẹ̀yìnkùlé, mo rí Princess, adìẹ wọn. Ẹnu ẹ̀ búlúù.

"Ìyá àgbà, ṣé Princess náà fọ sùtánà ni?"

Wọ́n fìdí lélẹ̀. "Ó ń húkọ́ bíi Tòún ni. Ara Tòún ṣáà ti ń yá. Má sọ fún ìyá ẹ, jàre. Ẹyin Princess á máa jẹ́ tìẹ láràárọ̀."

Mo rò ó. Wọ́n ti pè mí lólè tẹ́lẹ̀, ẹyin sì dùn. Wọ́n ní ẹnu tó jẹ dòdò ò lè sọ òdodo. Tèmi jẹ ẹyin méjì.

Lọ́jọ́ kẹfà tó ti ń lò ó, oògùn tán. Tòún ní kò séwu, ikọ́ ti lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ibà padà dé, ìwé ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, èémí ẹ̀ ń gé. Wáẹ̀kì ku ọjọ́ méjì. Mi ò lè wo ojú ẹ̀ mọ́. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Màámi.

Gbogbo wa la jọ lọ bá dókítà. Ó ní, "Kòkòrò tí oògùn lù tí ò pa, ó lè kọ́ bó ṣe máa borí oògùn yẹn." Ó wá kọjú sí Ìyá àgbà. "Màmá, ẹ̀yin náà ò gbé e mì, àbí? Oògùn ọkàn lẹ ń lò. Erythromycin àtàwọn oògùn ọkàn kan kì í bára wọn ṣe, ó lè da lílù ọkàn rú."

"Rárá o, Princess nìkan ni."

Bírò ẹ̀ dúró. "Ta ni Princess?"

"Adìẹ mi."

"Ṣé ẹnì kankan ò jẹ ẹyin ẹ̀? Oògùn máa ń wọnú ẹyin."

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Dókítà kọ oògùn míì fún Tòún. Ikọ́ ló fi ṣe ìdánwò àkọ́kọ́, àwọn tó wà nítòsí ẹ̀ ń wò ó ṣáá. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta, mi ò sì bá a jà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, oògùn tí dókítà bá kọ fún èèyàn, òun nìkan ni kó lò ó, kó lò ó tán, kó má pín in fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe adìẹ. Tẹ́ ẹ bá sì rí ẹni tó ń mú un, ẹ sọ ọ́ kíákíá, kẹ́ ẹ tó jẹ ẹyin.

Princess ti lọ rí dókítà adìẹ l'Égan. Tó bá ti rí mi báyìí, ẹnu ló máa ń pa dé.