Tìmùtìmù Inú Bàtà Yàgò

Kò sí ilé tí wọn kì í ti í fi nǹkan pamọ́ de ọjọ́ pàtàkì. Ó lè jẹ́ abọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi jẹun, ó sì lè jẹ́ aṣọ tó ti ń kéré mọ́ ẹni tó ni ín lára níbi tó wà. Ọjọ́ pàtàkì yìí kì í sì í tètè dé. Nígbà tó bá dé, a kì í mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí nǹkan ọ̀hún láti ìgbà tí a ti gbé e pamọ́.

Ti Yàgò, bàtà ni.

Yàgò kọ́ ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ti àwọn aláìsàn lórí ibùsùn onítáyà láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn ní ilé ìwòsàn, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ẹ yàgò o! Ẹ yàgò fún wa o!" Àwọn dókítà pàápàá á lẹ̀ mọ́ ògiri. Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn.

Ó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Bí ẹ̀rù bá ń ba aláìsàn, Yàgò á máa bá a ṣe ẹ̀fẹ̀ títí wọ́n á fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. "Ẹ fara balẹ̀ jàre," á ní, "ìgbà wo lẹ tún máa ní dírẹ́bà?"

Àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ni ẹbí tó kù fún un. Ọmọ kékeré ni ọmọbìnrin náà nígbà tí àwọn òbí wọn kú, Yàgò ló sì tọ́ ọ dàgbà. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń di irun fún un lọ sí ilé ìwé, irun tí àwọn olùkọ́ máa ń tú tí wọ́n á sì tún dì. Nígbà tí àbúrò náà wá ríṣẹ́ sí ilé búrẹ́dì, owó oṣù àkọ́kọ́ tó gbà ló fi ra bàtà kánfáàsì, irú èyí tí àwọn sárésáré ń wọ̀, fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "orí ìdúró lẹ wà tí ẹ fi tọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín náà rí ìsinmi."

Yàgò yí bàtà náà síwá sẹ́yìn. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó dá a padà sínú páálí rẹ̀, ó fi ọ̀rá wé páálí náà, ó so ọ̀rá ọ̀hún pinpin, ó wá gbé gbogbo rẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, lábẹ́ páànù tí oòrùn máa ń pa. Lójú tirẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ nìyẹn. Ọdún sì ń gorí ọdún.

Bí àbúrò rẹ̀ bá wá kí i, á wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, bàtà yẹn ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Àbí kò bá yín lẹ́sẹ̀ mu ni?"

"Ó bá mi mu. Ohun tí èèyàn fẹ́ràn, ṣé ó yẹ kó máa fi tẹ ilẹ̀ ni?"

Èsì yìí máa ń dun àbúrò náà. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun kò fẹ́ràn bàtà náà, pé kò kàn fẹ́ sọ ọ́ lójú òun ni.

Èyí tí Yàgò wá ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti inú ti rì wọlẹ̀. Bí ó bá bọ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ńṣe ni méjèèjì máa ń fara tira bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí síra wọn létí. Orúnkún rẹ̀ sì ń dùn ún, pàápàá ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gòkè lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ.

Obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn náà tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé, tó ń kọ́ àwọn tó ṣubú tàbí tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún bí wọ́n á ṣe tún rìn. Màdáàmù Ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Ní ọjọ́ kan, ó dá Yàgò dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

"Bọ̀dá Yàgò, orúnkún wo ló ń dùn yín?"

"Ta ló sọ fún yín pé orúnkún ń dùn mí?"

"Bàtà yín ni." Ó lóṣòó, ó wo bàtà náà láti ẹ̀yìn. "Bàtà yìí ti kú."

"Kú bíi báwo? Ẹ wo róbà ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ṣì nípọn."

"Kì í ṣe róbà ni mò ń wí. Tìmùtìmù àárín ló ti tẹ́. Ẹ ò ní òmíràn ni?"

"Mo ní. Ojúlówó ni. Àbúrò mi ló rà á."

"Ó wà níbo?"

"Orí kọ́bọ́ọ̀dù."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

Yàgò rẹ́rìn-ín, ó sì ti ibùsùn rẹ̀ lọ. "Ẹ yàgò o!"

Nígbà tó yá, àbúrò rẹ̀ lóyún. Inú Yàgò dùn débi pé ó sọ fún àwọn aláìsàn tí kò mọ ọ̀kankan nínú wọn rí. Ṣùgbọ́n bí oṣù rẹ̀ ṣe ń pé bọ̀, ọmọ náà dábùú nínú ìyá rẹ̀, kò sì yí. Àwọn dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló máa gbé e jáde. Ẹ̀rù ba aboyún náà gidigidi.

"Má bẹ̀rù," Yàgò sọ fún un. "Ọwọ́ mi lo dì mú nígbà tí ò ń kọ́ ìrìn. Èmi náà ni mo máa tì ọ́ dé ẹnu ọ̀nà yẹn. N kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ibùsùn rẹ."

Ohun tí kò sọ jáde ni pé ẹ̀rù ń ba òun náà nítorí orúnkún òun. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó sì ronú kan bàtà orí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ọjọ́ pàtàkì kan bá wà, ṣebí ọjọ́ yìí ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, ó tú ọ̀rá. Bàtà náà ń dán bí ọjọ́ tó ti ilé ìtajà jáde. Òórùn kíkan díẹ̀ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń ka òórùn sí nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Ó wọ̀ ọ́, ó so okùn rẹ̀ dáadáa, ó sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Àbúrò rẹ̀ ti wà lórí ibùsùn nígbà tó rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Ẹ wọ̀ ọ́."

"Ọjọ́ tí mo fi í pamọ́ dè nìyí," Yàgò dáhùn.

Wọ́n mú ọ̀nà pọ̀n. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí obìnrin tó ń nu ilẹ̀ fi ké sí wọn láti ẹ̀yìn. "Yàgò, ta ló ń rún búrẹ́dì sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù?"

"Ẹ bi ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì," Yàgò sọ, ó sì fi ẹnu júwe àbúrò rẹ̀. Àbúrò náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tó wo ohun tó ń rún sílẹ̀ ní tòótọ́.

Wọ́n dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Yàgò tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀ kó lè fi ipá tì í gòkè, ìsàlẹ̀ bàtà náà sì fọ́ yángá lábẹ́ rẹ̀. Róbà ṣí kúrò, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, orúnkún rẹ̀ gbá ilẹ̀. Ibùsùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà bọ̀ sẹ́yìn, tòun ti aboyún tó wà lórí rẹ̀.

Kò fi í sílẹ̀. Ó fi àyà dá a dúró, ó sì pariwo. Màdáàmù Ẹlẹ́sẹ̀, tí yàrá rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, sáré jáde, ó fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì táyà. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ náà ti ju nǹkan ìnulẹ̀ nù, ó di irin ibùsùn mú. Ibùsùn náà dúró.

"Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe ọ́?" Yàgò bi àbúrò rẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

Ẹlòmíràn ló ti ibùsùn náà dé òkè. Ṣùgbọ́n Yàgò bọ́ bàtà, ó ń tiro tẹ̀ lé wọn tòun ti ìbọ̀sẹ̀, kò sì yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ọwọ́ àbúrò rẹ̀ títí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ fi tì.

Lórí bẹ́ǹṣì ìta ni Màdáàmù Ẹlẹ́sẹ̀ ti fi aṣọ tútù di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkọ àbúrò rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó gbé búrẹ́dì dání, kò sì rántí pé òun gbé e dání. Bàtà náà wà nílẹ̀ níwájú wọn. Yàgò mú èérún kan níbẹ̀, ó fi ìka rún un, ó sì di ìyẹ̀fun.

"N kò wọ̀ ọ́ rí," ó ní. "Bí ẹyin ni mo ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Báwo ni ohun tí a kò lò ṣe ń gbó?"

Màdáàmù Ẹlẹ́sẹ̀ nawọ́ sí búrẹ́dì. "Ọkọ ìyàwó, ẹ yá mi ní búrẹ́dì yín." Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Búrẹ́dì náà wú padà. "Ẹ rí i? Afẹ́fẹ́ kún inú ihò kéékèèké tó wà nínú rẹ̀. Bí tìmùtìmù tó wà láàárín bàtà ṣe rí nìyẹn, láàárín ibi tí ẹ ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ àti róbà tó ń kan ilẹ̀. Bí ẹ bá fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ sìmẹ́ńtì yìí, ilẹ̀ náà ń gbá yín padà. Tìmùtìmù ló ń bá yín gbà nínú rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ má baà lọ sí orúnkún."

"Tí a bá fi búrẹ́dì sílẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́?" ọkọ ìyàwó béèrè.

"Ẹ ti dáhùn ìbéèrè náà fúnra yín. Irú tìmùtìmù kan wà tí ooru àti ọ̀rinrin máa ń jẹ láti inú, tó máa ń rún, bí a kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́ rí. Irú mìíràn kì í rún, líle ló máa ń le. Ẹ tún wá so ọ̀rá mọ́ ọn lábẹ́ páànù gbígbóná."

"Kí n kúkú ra èyí tó bá rọ̀ jù lọ?"

"Ó tì o. Ẹ gbìyànjú láti dúró lórí bẹ́ẹ̀dì tó rọ̀ gan-an, ẹ ó rí i bí ẹsẹ̀ yín ṣe máa gbọ̀n. Iṣẹ́ méjì ni tìmùtìmù ń ṣe: ó ń gba agbára tí ilẹ̀ fi ń gbá ẹsẹ̀ padà, ó sì ń mú ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin. Ẹsẹ̀ tiyín máa ń tẹ̀ sínú. Fún irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ṣe bàtà lè mú kí tìmùtìmù ẹ̀gbẹ́ inú le ju ti ìta lọ, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, kí etí rẹ̀ sì gòkè díẹ̀ láti gbá gìgísẹ̀ mú. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò rẹ̀. Ẹ̀yin nílò rẹ̀."

Yàgò dorí kodò. "Mo fẹ́ fi dúpẹ́ ni. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé oúnjẹ fún yín, ṣé ẹ máa gbé e pamọ́ ni, àbí ẹ máa jẹ ẹ́?"

Kó tó dáhùn, ilẹ̀kùn ṣí. Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú ewu o. Ìyá wà dáadáa, ọmọ wà dáadáa. Obìnrin ni."

Yàgò tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ kò rí ẹ̀fẹ̀ kan ṣe. "A dúpẹ́," ó ní. Ó wo Màdáàmù Ẹlẹ́sẹ̀, ó wo obìnrin tó ń nu ilẹ̀ tó ti wá dúró tì wọ́n, ó tún ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín o." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé, inú rẹ̀ sì dùn.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó wọlé, ó gbé àjákù bàtà náà lọ́wọ́, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò náà sọ, "mo ti rò pé ẹ kò fẹ́ràn rẹ̀ ni."

"Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé n kò jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ tí o rà á fún. Má bínú sí mi."

"Ta ni yóò bínú sí yín? Ẹ̀yin lẹ fi àyà gbé èmi àtọmọ mi dúró."

Lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ Yàgò san, tí Màdáàmù Ẹlẹ́sẹ̀ sì ti wo bó ṣe ń rìn, àbúrò rẹ̀ tún ra bàtà mìíràn fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, láìsí páálí ló gbé e wá. Ó ti ju páálí náà nù sí ilé ìtajà.

Ní ọjọ́ tí àbúrò náà gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, òjò ti rọ̀. Ó gbọ́ "Ẹ yàgò o!" láti ọ̀ọ́kán, ó sì wo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹrẹ̀ ti yí mọ́ bàtà náà títí dé ibi okùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bàtà yín ti dọ̀tí o."

"Ojoojúmọ́ ni mo ń dúpẹ́," Yàgò dá a lóhùn, ó sì ń ti aláìsàn rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin èèyàn wa, pàápàá ẹ̀yin tó ń fi ìdúró ṣiṣẹ́ àti ẹ̀yin tó ń sáré, ẹ má fi róbà ìsàlẹ̀ nìkan mọ̀ bóyá bàtà ṣì dára. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ tìmùtìmù rẹ̀: bí ó bá le gbagidi, bí ó bá ń rún, tàbí bí ó bá ti sán wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Bí ó bá ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ yín náà ń fì. Bàtà tó bá ti pẹ́ níbi tí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, inú ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ fi rìn. Ẹ má sá a sínú oòrùn líle, ẹ má sì dì í sínú ọ̀rá. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ má kàn wá èyí tó rọ̀ jù. Ẹ rìn nínú rẹ̀, kí ẹ mọ̀ bóyá ó gbá gìgísẹ̀ yín mú. Bí orúnkún tàbí gìgísẹ̀ bá sì ń dùn yín lemọ́lemọ́, ẹ lọ rí àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé, nítorí bàtà nìkan kì í wo àìsàn.

Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ gbé bàtà yẹn sọ̀ kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ṣì dára, ẹ wọ̀ ọ́ lọ kí ẹni tó rà á fún yín.