Kó O Tó Fi Òróró Wọ́ Amma Lẹ́yìn

Òjò ò dá láti ìdájí, àmọ́ ta ló ń ka òjò sí nǹkan nínú oṣù Karkidakam? Oṣù òjò ni jàre. Oṣù yẹn ni gbogbo ilé ládùúgbò wa máa ń tún ara ṣe. Kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìnáwó. Àwọn àgbàlagbà á máa mu kanji, ìrẹsì tí wọ́n fi egbòogi sè tó ṣàn bí ògì, wọ́n á sì máa fi òróró gbígbóná wọ́ra. Nǹkan tó ń lọ nílé Madhaviamma láàárọ̀ ọjọ́ yẹn náà nìyẹn. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ìyàwó ọmọ ẹ̀, Lathika, ń gbé òróró kaná.

Ilé ńlá nilé yẹn, àmọ́ àwọn méjèèjì péré ló ń gbé ibẹ̀. Dineshan, ọkọ Lathika, wà ní Sharjah lókè òkun, iṣẹ́ ìkọ́lé ló ń ṣe. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń pè. Á bi ìyá ẹ̀ pé, "Amma, ṣé ẹ ti jẹun?" Ìyá á ní òun ti jẹun. Á bi ìyàwó ẹ̀ pé ṣé òjò ń rọ̀. Ìyàwó á ní ó ń rọ̀. Ó parí nìyẹn.

Ẹ gbọ́, kì í ṣe pé àwọn obìnrin méjèèjì ń jà o. Wọn ò jà rí. Wọn kì í kàn bára wọn sọ̀rọ̀ ni. Ìyá wà ní yàrá ẹ̀ pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n, ìyàwó wà ní tiẹ̀ pẹ̀lú fóònù. Tí iná bá wá lọ, ilé á pa rọ́rọ́ débi pé omi tó ń kán sínú korobá lẹ́yìnkùlé ni wàá máa gbọ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló lé Lathika lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó forúkọ sílẹ̀ níbi kékeré kan tó kọjú sí ibùdókọ̀, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní Ayurveda, ìtọ́jú ara látayé àwọn baba wọn. Ohun tó ń wù ú ò tiẹ̀ tóbi. Yàrá kan lẹ́bàá títì, tábìlì onígi kan, káwọn èèyàn máa wọlé wá, kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe ń wọ́ wọn lára.

Bhargavi Tíṣà ló ń kọ́ wọn, dókítà Ayurveda ni òun fúnra ẹ̀. Ó máa ń pariwo mọ́ wọn ní kíláàsì pé, "Ẹ̀yin ò tíì di dókítà o! Ẹ kọ́kọ́ bi èèyàn léèrè. Kí ló ń ṣe ọ́? Oògùn wo lò ń lò? Kí lo jẹ? Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án rárá. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan láìjẹ́ pé dókítà ẹ̀ mọ̀ sí i."

Nílé, Lathika máa ń ka ẹ̀kọ́ yìí sókè. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ, lójú tiẹ̀.

Ìgbà tí Tíṣà wá ní kí kálukú lọ fi ará ilé ẹ̀ kọ́wọ́, àwọn yòókù ní ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní àbúrò. Ta ni Lathika ní? Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá ọkọ ẹ̀.

"Amma, ṣé mo lè fi yín kọ́ṣẹ́?"

"Èmi? Egungun lásán? Kí lo fẹ́ wọ́ níbẹ̀?"

"Egungun náà ń fẹ́ ìtọ́jú, Amma."

Ìyá gbà, ó dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Bí Lathika ṣe gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lẹ́yìn báyìí, ló bá rí i pé èjìká ń mì. Ìyá ń sunkún.

"Amma, ṣé mo dùn yín ni?"

"Rárá. Òróró ló kó sí mi lójú."

"Ojú tẹ́ ẹ dà dé ẹní?"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa jọ rẹ́rìn-ín nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni. Bí Lathika ṣe ń wọ́ ọ ni ìyá ń sọ̀tàn: bí wọ́n ṣe gbé e wálé yìí ní ìyàwó, àti Ṣàràdá àbúrò ẹ̀ tó ti kú. Yàrá méjì di yàrá kan.

Inú Lathika wá dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fẹ́ ṣe sí i. Ó wo fídíò lórí fóònù, ẹnì kan níbẹ̀ sọ pé ìtọ́jú Karkidakam tó pé, kanji nìkan ló gbà. Kò sí ṣúgà nínú tíì. Kò sí oúnjẹ alẹ́. Omi ejìnrìn láàárọ̀, kíkorò burúkú. Kì í ṣe Tíṣà ló rán an o! Ìyá ò jiyàn rárá, gbogbo ẹ̀ ló ń mu. Ìbéèrè tí Tíṣà ń pariwo ẹ̀ ńkọ́? Lathika ò bi í. Ta ló fẹ́ máa wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá ọkọ ẹ̀ bí ọlọ́pàá?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Bí Lathika ṣe wọ́ ọ dé ẹsẹ̀, ó rí i pé òógùn bo ìyá, omi ń ṣàn níwájú orí ẹ̀. Inú ẹ̀ dùn! Wọ́n ti kọ́ wọn pé ìtọ́jú tó ń mú èèyàn làágùn wà, ó ń fọ ara. Ó mú aṣọ nínípọn, ó fi bo ìyá kó lè làágùn sí i.

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n," ìyá ní.

"Ìdọ̀tí ara ló ń jáde, Amma. Ẹ fara dà á díẹ̀."

"Ṣàràdá, ta ló ṣí fèrèsé?"

Lathika rẹ́rìn-ín. "Amma, èmi ni mo wá di Ṣàràdá báyìí?"

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde bí ẹni tí wọ́n pè níta, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀, ó ṣubú lé ọwọ́ ara ẹ̀. Kò ké. Àìké yẹn gan-an ló dẹ́rù ba Lathika. Ó sáré pe Tíṣà lórí fóònù, ó ròyìn òógùn àti gbígbọ̀n náà fún un.

"Ṣé ó ní ìtọ̀ ṣúgà ni?"

"Rárá, Tíṣà."

"Ṣé o bi í?"

"Mi ò bi í."

"Ó dáa. Gbọ́ mi. Ṣé ojú ẹ̀ ṣì là? Ṣé ó lè gbé nǹkan mì?"

"Ó lè gbé e mì."

"Po ṣúgà mọ́ omi, kó nípọn, fún un díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti dákú, má da nǹkan kan sí i lẹ́nu o, ó máa gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá jí náà, má sọ pé ó tán. Ọsibítù lójú ẹsẹ̀!"

Hamsa tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló wà lójúlé kejì. Lathika fún ìyá ní omi ṣúgà, ó sì pariwo pe Hamsa. Ó sáré wọlé, ó rí òróró káàkiri. "Haa, ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ din ìyá wa ni?" Ó wá rí ojú Madhaviamma, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e. Ìyá ń yọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ bí ẹja, àfi ìgbà tí wọ́n fi tówẹ̀lì wé e kí wọ́n tó rí i gbé.

Ní ọsibítù, wọ́n gún ìyá ní orí ìka, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Pẹ̀lú ṣúgà tó ti mu, ṣúgà ara ẹ̀ ṣì lọ sílẹ̀ gan-an. Wọ́n fa omi sí i lára. Nígbà tí ojú ẹ̀ wálẹ̀, dókítà bi í pé, "Amma, oògùn ṣúgà wo lẹ̀ ń lò?"

Lathika fẹ́ sọ pé kò lo nǹkan kan. Ìyá ṣáájú ẹ̀.

"Ó wà níyàrá àdúrà. Nínú agolo òwú fìtílà."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ẹ wò ó. Oògùn yẹn ń fa ṣúgà wálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹun bó ṣe yẹ, kò séwu. Ẹ ò wá jẹun, ẹ tún ń mu ejìnrìn tóun náà ń fà á wálẹ̀. Gbígbọ̀n yẹn, òógùn òjijì yẹn, ọ̀rọ̀ tí kò lórí yẹn, ara ló ń pariwo pé òun fẹ́ ṣúgà. Oògùn náà sì máa ń pẹ́ lára, ẹ máa sùn síbí kí n lè máa ṣọ́ yín."

Nígbà tí dókítà lọ, Lathika jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Amma, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

Ìyá kọjú sí ògiri. "Mo gbọ́ bó o ṣe ń kàwé. O ní tí èèyàn bá ní ìtọ̀ ṣúgà, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ, wàá dáwọ́ dúró." Ó fa aṣọ ìbora sọ́rùn. "Látìgbà tí bàbá Dineshan ti kú, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí."

Lathika gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Dineshan pè lálẹ́, ó ń pariwo. "Ìyá mi ni mo fi sọ́wọ́ ẹ! Ìyá mi!" Ìyá gba fóònù. "Dineshan, ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo bi mí rí pé oògùn wo ni mò ń lò?" Ohùn ọmọkùnrin yẹn wálẹ̀. Ó wá ní, "Amma, ṣé òjò ń rọ̀ níbẹ̀?"

Tíṣà ò fojú fo ọ̀rọ̀ yẹn o. Ó ní Lathika ò ní ṣe ìdánwò pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, kó padà sí kíláàsì àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀. Lathika bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. "Ọwọ́ ẹ dáa. Etí ẹ ni kò tíì dáa." Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ríṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì létí òkun, wọ́n ń fi fọ́tò ránṣẹ́. Òun ṣì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ jókòó láàárín àwọn ọmọ tuntun, kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Egungun ọrùn ọwọ́ ìyá kán, wọ́n sé e mọ́ POP, ó jinná, àmọ́ kò nà tán mọ́. Kò lè fi ọwọ́ yẹn di irun ara ẹ̀. Lathika ló ń bá a dì í báyìí. Láràárọ̀, kó tó mú kóòmù, á kọ́kọ́ béèrè: "Amma, kí lẹ jẹ? Kí lẹ lò?" Ìyá á ṣí agolo, á fi hàn án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ara, iṣẹ́ dáadáa ni, àmọ́ ẹ béèrè, pàápàá lọ́wọ́ ará ilé yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo oògùn ọsibítù, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ má sì fi pa mọ́ fún ẹni tó ń fún yín ní àgbo. Ẹ sọ ti àgbo fún dókítà náà. Tí ẹni tó ń lo oògùn ṣúgà bá ṣàdédé ń làágùn, tó ń gbọ̀n, tó ń sọ kántankàntan, ẹ má pè é ní ìwòsàn.

Àgbàlagbà tó sì wà ní yàrá kejì sí yín lónìí, ẹ wọlé tọ̀ ọ́. Ẹ di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ẹ má dúró dìgbà tó máa purọ́ kó tó rí ọwọ́ yín gbà.