Onígbàjámọ̀ Tí Ń Fi Abẹ Wàásù

Onígbàjámọ̀ kan wà tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní Wòlíì Abẹ. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Kò mọ̀ pé wọ́n ń fi òun ṣe ẹ̀fẹ̀ ni.

Bí ó ti máa ń wàásù nìyí: yóò fá apá kan orí oníbàárà, yóò dáwọ́ dúró, yóò sì gbé abẹ sókè. "Ṣé a ti tún ọ bí?"

Ta ni yóò bá ẹni tí abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ jiyàn? Ta ni yóò gbé orí tí a fá ku ẹ̀gbẹ́ kan jáde sí ìgboro? "Àmín, sà," ni gbogbo wọn ń wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fá èyí tó kù." Wòlíì Abẹ á wá máa yangàn pé òun ti jèrè ọkàn. Ọkàn wo? A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n gbogbo orí tí ọkùnrin yìí ń fá, ọkàn olórí ti sá lọ.

Ẹ̀sìn ẹnu lásán! Ahọ́n rẹ̀ ń gbé ọ̀run, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, bàbá kan tó ń ṣe káfíńtà, tí egbò bo orí rẹ̀, yọjú sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Ọmọ mi, bá mi gé irun yìí. Lọ́la ni ìgbéyàwó ọmọ mi obìnrin, ojú ń tì mí láti bá a wọ ṣọ́ọ̀ṣì báyìí."

Wòlíì Abẹ fi aṣọ ìnura bo imú. "Bàbá, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn! Ṣé ẹ fẹ́ lé àwọn oníbàárà mi ni? Ẹ lọ ronú pìwà dà, ẹ̀ṣẹ̀ ló ń hù lórí yín."

Ẹnu yẹn náà ló fi ń jẹ oúnjẹ Olúwa!

Onígbàjámọ̀ kejì, tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀nà, ló pe bàbá náà wọlé. Ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin egbò náà, ó fi àlùmọ́gàjí gé irun yí i ká díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí rí. Ní ọjọ́ Ajé, tí kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù, ilé àwọn aláìsàn tí kò lè dìde ló máa ń lọ, tòun ti abọ́ omi rẹ̀, kí ó lè gé irun wọn.

Wòlíì Abẹ a máa pariwo mọ́ ọn: "Ẹ̀yin tí ẹ ń fi omi gbígbóná wá ìjọba ọ̀run, ẹ mà kú wàhálà o!"

Àfìgbà tí Wòlíì Abẹ ṣubú lulẹ̀ níbi tó ti ń wàásù. Kí wọ́n tó gbé e délé, apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Oníwàásù di akólòlò.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ wá. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà tó gùn, wọ́n wo aago, wọ́n lọ. Òun náà ló kúkú kọ́ wọn. Irùngbọ̀n rẹ̀ hù bí igbó, itọ́ ń ṣàn sínú rẹ̀, ó ń rùn. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ abẹ lò. Ẹkún ló ń sun.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Onígbàjámọ̀ kejì ni, tòun ti abọ́ omi.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ìtọ́jú. Ọ̀gá, ẹ gbé àgbọ̀n sókè."

Ojú ti Wòlíì Abẹ. "O... o ò ní kọ́kọ́ wàásù fún mi?"

"Ẹ jẹ́ kí n fá a tán ná, ọ̀gá. Èmi kì í fá irùngbọ̀n sí ìdajì."

Ẹ̀rín gba ẹkún lẹ́nu ìyàwó.

Nígbà tí ó fá a tán, ó nu itọ́ ẹnu rẹ̀, ó sì rọra wí pé: "Jésù tí à ń pè ní Olúwa, ẹsẹ̀ eléruku ló fọ̀. Ẹni tó bá ti jẹ́ kí Ó fọ tòun, kò ní lè bo imú fún ẹlòmíràn mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà mú ju abẹ lọ. Ìrántí bàbá káfíńtà sọ sí Wòlíì Abẹ lọ́kàn. Ó ké pé, "Olúwa, Ìwọ ni mo lé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi! Ṣàánú mi!" Ní wákàtí yẹn ni a tún ẹni tí ń bi gbogbo ayé léèrè àtúnbí bí.

Apá ọ̀tún náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó lè rìn, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀lé onígbàjámọ̀ kejì lọ́jọ́ Ajé, aṣọ ìnura léjìká, abọ́ omi lọ́wọ́ òsì. Ilé káfíńtà ni wọ́n kọ́kọ́ yà.

Bàbá náà fura. "Ṣé ìwàásù lo tún gbé dé?"

Wòlíì Abẹ kúnlẹ̀. "Rárá, bàbá mi. Omi ni."

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, o ti fi Wòlíì Abẹ rẹ́rìn-ín tó. Ìwọ alára ńkọ́? O mọ orin, o mọ àdúrà, ṣùgbọ́n aláìsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ kò mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ. Irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ rọ ju apá Wòlíì Abẹ lọ! Má dúró di ìgbà tí wọn óò gbé ọ délé. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Jésù. Òun kò ní bo imú fún ọ.

Lẹ́yìn náà, dìde lónìí, kí o bu omi. Ẹnìkan ń retí rẹ.