Lọ́rì Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rí

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí aránbàtà ṣubú lórí alùpùpù rẹ̀, ọkọ̀ kékeré kan ló gbá a. Nígbà tí àwọn aládùúgbò tó ń wá kí i bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ọkọ̀ kékeré náà di bọ́ọ̀sì. Kó tó di ọ̀sán, ó ti di lọ́rì ńlá, lọ́rì náà kò ní bíréékì, awakọ̀ rẹ̀ kò sì bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ kú ewu o! Ewu iná kì í pa àwòdì," ni àwọn àlejò ń wí.

"Ẹ ṣeun, a dúpẹ́," ni aránbàtà ń dáhùn láti orí àga rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti fi aṣọ gbé apá òsì rẹ̀ kọ́ ọrùn, orúnkún rẹ̀ sì bó. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Odidi lọ́rì!"

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kun bàtà oníbàárà kan. Ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí lọ́rì náà bá tún tóbi sí i, á tún fi búrọ́ọ̀ṣì gbá bàtà ọlọ́bàtà bí ẹni pé bàtà náà ṣẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ fún yín báyìí, kó má baà tàn yín bó ṣe tan gbogbo àdúgbò. Kò sí lọ́rì. Kò sí bọ́ọ̀sì. Kò sí ohunkóhun tó gbá ọkùnrin yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló dá ṣubú, ojú ló sì ń tì í.

Ká ní ìtìjú nìkan ni, kì bá burú. Ṣùgbọ́n alùpùpù yẹn ni ẹsẹ̀ iṣẹ́ wọn. Òun ló ń gbé sálúbàtà lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà lódìkejì ìlú, òun ló sì ń gbé awọ bọ̀. Wọn kò ní owó tí wọ́n lè fi ra òmíràn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbójú lé ni ilé iṣẹ́ adójútòfò, ìyẹn àwọn tí ayé ń pè ní onínṣọ́ránsì. Aránbàtà sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò sí bí wọ́n ṣe máa sanwó fún ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣubú. Bí lọ́rì ṣe di dandan nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́, mẹkáníìkì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé. Kòsíṣòro ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí kò sí ohun tí ẹ máa sọ fún un tí kò ní fi bẹ́ẹ̀ dáhùn. Alùpùpù pupa náà fara ti ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ọwọ́ rẹ̀ ti wọ́, iná iwájú rẹ̀ ti fọ́. Kòsíṣòro yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọ̀gá, kò sí ìṣòro! Ẹ jẹ́ n gbé e lọ. Kí àwọn onínṣọ́ránsì tó dé, màá ti nà á, màá ti kùn ún."

"Tí o bá ti tún un ṣe tán, kí ni wọ́n máa wá wò?" ni aránbàtà béèrè.

Kòsíṣòro fọwọ́ họ orí. "Ẹ̀n-ẹ́n. Òótọ́ ni. Ó dáa, a ò ní tún un ṣe mọ́." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹ̀ yìí ti mọ́ jù, ọ̀gá. Lọ́rì kì í gbá nǹkan kó mọ́ báyìí. Tí a bá fi òòlù kàn án díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún... Èmi náà á sì jẹ́rìí. Mo rí lọ́rì yẹn!"

"Níbo lẹ wà tí ẹ ti rí i?" Ìyàwó ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọn kò mọ ìgbà tó dé ẹ̀yìn wọn.

"Ìyàwó wa, mo kàn..."

"Ẹ gbé òòlù yẹn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan máṣíìnì yìí. Ọjọ́ tí Bàbá wa ṣubú gan-an ni mo ti pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní ká ya fọ́tò ẹ̀, ká gbé e síbi tí òjò ò ti ní pa á, ká má tún nǹkan kan ṣe. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀."

"Ọ̀la?" ni aránbàtà wí. Gbogbo lọ́rì tó wà lẹ́nu rẹ̀ dúró sójú kan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, obìnrin aláyẹ̀wò láti ilé iṣẹ́ adójútòfò dé. Ó kí wọn dáadáa, ó ṣe pẹ̀lẹ́ fún aránbàtà nítorí apá rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n mú òun lọ síbi alùpùpù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi iná fóònù tàn án lábẹ́, ó fọwọ́ pa irin rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn.

"Bàbá, wọ́n sọ fún mi níta pé lọ́rì ni. Ibo ló ti gbá yín?"

"Ẹ̀yìn ni, màdáámù."

"Ibì kankan ò ha lẹ́yìn o."

"Àbí... ẹ̀gbẹ́ ni. Ó yára ni."

"Gbogbo ibi tó ha lára ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì tó fi lélẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ gọ́tà ló sì wà nínú ẹ̀, kì í ṣe ọ̀dà ọkọ̀." Obìnrin náà dìde. Kò jágbe, kò fajú ro. "Bàbá mi, ẹ ò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ èyí fún yín báyìí. Tí ẹ bá ní lọ́rì ni, a máa wá lọ́rì náà. A máa béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá, a máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀. Tí a bá rí i pé kò sí, a ò ní san nǹkan kan, ọ̀rọ̀ sì lè kọjá ti owó. Ẹ rora ronú. Mo ń dúró dè yín."

Òógùn bo aránbàtà. Ó wo ọ̀run, ó wo ilẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí ọkùnrin yìí wò, ìyàwó rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ.

Nígbà tó jáde, ó gbé bàtà ẹsẹ̀ kan dání. Bàtà ọkùnrin ni, awọ dúdú, iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ nípọn bí ìdajì búlọ́ọ̀kù: rọ́bà táyà tí wọ́n gé lé ara wọn, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, tí wọ́n sì rán yí ká.

Ó gbé e sórí ìjókòó alùpùpù náà.

"Màdáámù, lọ́rì náà rèé."

Kòsíṣòro, tó ń yọjú láti ẹ̀yìn ògiri, bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin aláyẹ̀wò wo bàtà, ó wo alùpùpù, ó wo aránbàtà kúkúrú, tí ìjókòó alùpùpù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àyà rẹ̀ bó ṣe dúró. Ó ti yé e.

"Ẹsẹ̀ mi ni ò tólẹ̀," ni aránbàtà wí. Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Ọjọ́ tí mo rí máṣíìnì yìí ni ọkàn mi ti lọ síbẹ̀. Ó ga, ó pupa, ó ń dán. Mo bá rán bàtà tó máa jẹ́ kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀. Ó sì ń ṣiṣẹ́, ẹ gbà mí gbọ́. Ọjọ́ yẹn ni àtẹ́lẹ̀ ti ọ̀tún ṣí. Mo fi gọ́ọ̀mù sí i kó gbẹ, mo wọ sílípáàsì lọ. Mo dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nísàlẹ̀ ilé ìwé, àwọn ọmọ ń kọjá, mo dúró fún wọn. Mo na ẹsẹ̀ pé kí n fi tẹlẹ̀. Ilẹ̀ ò sí níbẹ̀. Èmi àti máṣíìnì bá wọ gọ́tà."

"Aránbàtà tí bàtà rẹ̀ ṣí!" ni Kòsíṣòro wí. Ìyàwó yíjú sí i, Kòsíṣòro sì fà sẹ́yìn ògiri.

"Ṣé gbogbo ohun tí ẹ ń fi pamọ́ náà nìyẹn?" ni obìnrin aláyẹ̀wò béèrè.

"Àbí ẹ máa sanwó fún ẹni tó dá ṣubú ni?"

"Ẹ̀ẹ́n, a máa san. Oríṣi ìwé méjì ló wà. Ọ̀kan, ẹni tí ẹ bá ṣe léṣe tàbí tí ẹ ba nǹkan ẹ̀ jẹ́ nìkan ló wà fún. Ká ní ìyẹn lẹ rà, máṣíìnì yín ì bá di àdánù yín. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ rà yìí kan máṣíìnì tiyín náà, kódà tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣe àṣìṣe. Ìwé ìwakọ̀ yín ò tíì kú, ẹ ò mutí. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú owó náà ni ẹ̀yin máa san fúnra yín, ìyẹn wà nínú àdéhùn. Ìwé yín gba ìṣubú, Bàbá. Irọ́ ni ò gbà."

Ta ló yan ìwé yẹn? Ìyàwó ni. Ọjọ́ tí wọ́n ń rà á, aránbàtà kùn pé ó ti wọ́n jù. Ó wo ìyàwó rẹ̀ báyìí. Ó mí kanlẹ̀. Ó rí lára rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bọ́ bàtà tó há láti àárọ̀. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, obìnrin náà kọ ọ́, wọ́n kà á fún un, ó fọwọ́ sí i.

Irin gbọọrọ tó gbé gbogbo ara alùpùpù náà ró ti tẹ̀, owó àtúnṣe rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí alùpùpù náà fúnra rẹ̀ ń lọ. Nítorí náà ilé iṣẹ́ náà gbé òkú rẹ̀ lọ, wọ́n sì san iye tó tó. Apá aránbàtà ti jiná nígbà tí òun, ìyàwó rẹ̀ àti Kòsíṣòro lọ sí ilé ìtajà alùpùpù.

Ẹ má bi mí ohun tó wà níwájú. Alùpùpù pupa gíga kan náà ni, ó ń dán bí ojú ìyàwó tuntun. Aránbàtà dúró níbẹ̀ pẹ́.

"Ẹ gùn ún," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó gbé ẹsẹ̀ sókè.

"Ẹ kọ́kọ́ bọ́ bàtà ná."

"Nínú ilé ìtajà?"

"Ṣé mo mọ ohun tí ẹ wọ̀ wá ni àbí n ò mọ̀?"

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàtà rọ́bà táyà ni, ó ti lẹ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ padà. Ó bọ́ ọ. Ó gun alùpùpù pupa náà láìwọ bàtà, Kòsíṣòro dì í mú, ẹsẹ̀ méjèèjì ń fì nínú afẹ́fẹ́ bí ti ọmọ lórí àga bàbá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ìkẹta tó gùn ní àwọ̀ eérú, kò ga, kò dán. Ó jókòó, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó tì í síwájú, ó fà á sẹ́yìn, ó tẹ bíréékì. Kòsíṣòro fi nọ́ńbà tó wà lára irin wé ti inú ìwé, ó béèrè bóyá ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lọ́jà. "Ọ̀gá, kò sí ìṣòro," ni ó wí, lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni.

Wọ́n ra akoto tuntun méjì. Èyí tó wà nílé kò là, ṣùgbọ́n obìnrin aláyẹ̀wò ti sọ fún wọn pé akoto tó ti kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n sì ṣe ìwé adójútòfò alùpùpù náà kó tó kúrò ní ilé ìtajà.

"Méjì kẹ̀?" ni aránbàtà béèrè. "Ta ló ni ìkejì?"

Ìyàwó rẹ̀ ti dé e sórí. Ní gbogbo ìgbà tí alùpùpù pupa fi wà, kò gùn ún rí. Ó ń fẹsẹ̀ rìn, ó ń wọ bọ́ọ̀sì, ó ń sọ pé èéfín rẹ̀ ń yọ òun lẹ́nu. Ó gun ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ wàyí, ó di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, inú aránbàtà sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi lé sí i lójú.

Nígbà tí wọ́n wọ àdúgbò, aládùúgbò kan pariwo láti òdìkejì: "Ẹ kú oríire o! Awakọ̀ lọ́rì yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ti mú un?"

Aránbàtà dúró. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀.

"Kò sí lọ́rì," ni ó wí. "Bàtà gíga tí mo fi ń gun máṣíìnì ni lọ́rì náà. Ẹ máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wá wò ó bí mo ṣe ń gé àtẹ́lẹ̀ rẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ara yín. Lẹ́yìn náà, ẹ tètè sọ fún ọlọ́pàá àti ilé iṣẹ́ adójútòfò yín, ẹ ya fọ́tò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù kan ọkọ̀ náà kí aláyẹ̀wò tó rí i. Ẹ mọ ohun tí ìwé yín gbà kí ẹ tó sanwó fún un. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, bó ti wù kó tini lójú tó, torí ìtìjú kì í ba ìwé jẹ́, irọ́ ló ń bà á jẹ́.

Bí ó bá sì di ọjọ́ tí ẹ máa ra òmíràn, ẹ rántí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ má fi ojú nìkan ra alùpùpù. Ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ gùn ún, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹsẹ̀ yín tólẹ̀.